Fíìmù Kan Náà Ni Bàbá Onílẹ̀ Ń Yàn

Ilé Kẹrìndínlógún,
Abúlé Iamkha,
Beimen, Tainan,
Taiwan.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 2001.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá A-bin,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Taipei? Bàbá A-bin ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn ilé yín? A-bin àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ rẹ tí o ní kì í fẹ́ jẹ ẹja? Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Bó bá rí bí ẹja ṣe ń ta nínú adágún wa, ebi á pa á. Mo gbọ́ pé omi wọ àdúgbò yín nígbà ìjì oṣù tó kọjá. Mo dúpẹ́ pé orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé, ẹsẹ̀ yín ò tutù.

Ní tiwa, a wà. Li-hua àti ọkọ rẹ̀ wá bá wa ṣe ọdún òṣùpá, wọ́n kó àkàrà òṣùpá wá débi pé òun la ṣì ń fi panu lárààárọ̀. Wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀ ni wọn ó ti oko iyọ̀ pa pátápátá, a ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bàbá Li-hua ti ń rìn káàkiri. Àyà tí wọ́n là ní oṣù kẹta ti jinná, ó ti ń jẹun, ó sì ti ń bá mi jiyàn. Ẹni tó bá ṣì lè báni jiyàn kò tíì múra àtilọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkíni nìkan ni mo tìtorí rẹ̀ mú kálàmù. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi, ìwọ nìkan ló kù láyé tó lè dáhùn rẹ̀. Má fò lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà o. Mo mọ̀ ẹ́. Jókòó, kí o kà á láti òkè wá.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Bàbá Li-hua wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Li-hua ló tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi sáré lọ sí tẹ́ḿpìlì, mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Onílẹ̀, òrìṣà ilẹ̀ wa, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọkọ mi bá jáde láàyè, fíìmù mẹ́ta ni màá fi dúpẹ́, èyíkéyìí tí Bàbá bá fúnra rẹ̀ yàn. Ó jáde láàyè. Mo sì ránṣẹ́ pe A-bok onísinimá.

O máa rẹ́rìn-ín bí o bá rí i báyìí. Nígbà tiwa, bí wọ́n bá ti ta aṣọ funfun síwájú tẹ́ḿpìlì, láti ọ̀sán la ti ń gbé àga lọ gba àyè. Nísinsìnyí, Bàbá Onílẹ̀ ló ń wò ó, pẹ̀lú arúgbó méjì mẹ́ta àti ajá ẹnìkan. A-bok ò bìkítà. Ó ní kò sí òǹwòran tó dáa tó òrìṣà: kì í kùn, kì í sì í dìde lọ tọ̀ láàárín ìjà.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀ràn fíìmù kì í ṣe ọ̀ràn kékeré lára mi. Mo mọ ohun tó wà nínú àwọn àpótí páànù A-bok ju bí mo ṣe mọ ohun tó wà nínú àpótí aṣọ mi lọ. Àwọn ará Hong Kong tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ ògiri wà níbẹ̀. Ti àwọn ará Japan wà níbẹ̀, níbi tí ọkùnrin méjì á ti máa wo ara wọn láìsọ̀rọ̀ títí èèyàn á fi tòògbé, kí ọ̀kan tó yọ idà. Òkú tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, èyí tí o kò lè wò láì di apá mi mú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fíìmù ẹkún ọmọbìnrin tó ń ta àkàrà ìrẹsì nínú òjò, tí ìyá rẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀ ojú irin tí kò dá a mọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo ti wò ó, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo ti fi omijé ba ìborùn jẹ́. Ní ti Bàbá Onílẹ̀, gbogbo abúlé mọ̀ pé ìjà àti ẹ̀fẹ̀ ló ń dùn mọ́ ọn. Ìyá Òkun, òrìṣà abúlé kejì, ló ni ẹkún.

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ pé, Bàbá Li-hua ló da igi pue méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí olórí ilé. O ṣáà mọ̀ ọ́n: èèyàn á dárúkọ fíìmù kan wúyẹ́wúyẹ́, á jù wọ́n sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá dojú bolẹ̀ tí èkejì kọjú sókè, Bàbá gbà. Bí méjèèjì bá dojú bolẹ̀, ó kọ̀, kí a dárúkọ òmíràn nìyẹn. Bí méjèèjì bá kọjú sókè, ẹ̀rín ló ń rín, kí a tún un jù nìyẹn. Ọkọ mi dà á, ó tún un dà, ó pẹ́ díẹ̀, ó dìde, ó ní fíìmù Onídà ni Bàbá fẹ́.

Onídà yẹn náà ni, èyí tí àwọn ará Taipei wá yà lábúlé wa lọ́dún 1969, tí èmi, ìwọ àti ìyá ọkọ mi bá wọn ṣe ará ìlú nínú rẹ̀. N kò wí nǹkan kan. Fíìmù ìjà ni, Bàbá sì fẹ́ràn ìjà. Èmi kò tilẹ̀ jókòó wò ó, torí àwọn mọ̀lẹ́bí pọ̀ nílé lọ́jọ́ náà, ìdí ìkòkò ni mo wà títí wọ́n fi ká aṣọ funfun. Ìwọ ṣáà ti sọ fún mi láti ìgbà yẹn pé wọ́n ti gé apá tiwa sọnù.

Ó di ọjọ́ kejì, lóṣù keje. Ọkọ mi tún da igi, ó tún pẹ́, ó tún dìde, ó ní Onídà ni. Ara fu mí. Ìfura loògùn àgbà. Bàbá Onílẹ̀ ti jẹun lórí pẹpẹ yẹn fún igba ọdún, ìgbà wo ni ó jẹ oúnjẹ kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn?

A-bok ni mo kọ́kọ́ fura sí. Èèyàn á ṣí àpótí rẹ̀, òórùn ọtí kíkan á yọ sí i: àwọn fíìmù rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Mo ní ọkùnrin yìí kò ní fíìmù gidi mọ́ ju ẹyọ kan lọ, ó sì ti ṣe nǹkan sára igi pue kó má baà dójú tì í. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ lórí ẹ̀mí ọkọ mi, bí wọ́n bá fi jìbìtì san án, ṣé a san án? Bí Bàbá bá bínú, kí ló máa gbà padà bí kò ṣe ohun tó fún wa?

Nítorí náà, ní gbogbo àkókò tí fíìmù kejì ń lọ, ẹ̀yìn ni mo kọ sí aṣọ funfun. Ọwọ́ A-bok ni mò ń wò. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń yí róòlù, ó ń wò mí. Ọkọ mi ti ní àyà ń ro òun, òun ń lọ sílé lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé igi pue lọ sílé, mo ní mo fẹ́ fọ̀ wọ́n. Mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo sì ń jù wọ́n. Ogójì ìgbà. Èéédú ni mo fi ń sàmì sára ògiri. Ibi tí mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ni Bàbá Li-hua ti yọ sí mi.

“Ìyá Li-hua, kí lò ń ṣe nílẹ̀?”

“Mò ń nu ilẹ̀ ni.”

Ó wo igi, ó wo ògiri, ó wo ojú mi. Ó ní, “Ilẹ̀ náà á mọ́ o,” ó sì yíjú padà kíákíá. Ìyẹn gan-an tún fu mí lára, torí ọkọ mi kì í jọ̀wọ́ ẹ̀fẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá A-bin, igi náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń gbà ni wọ́n ń kọ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dá wọn padà, mo lọ ká A-bok mọ́ ìdí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀.

“A-bok, ta ló ń yan fíìmù?”

“Bàbá ni, Àǹtí.”

“A-bok.”

“Àǹtí, ẹ̀rọ ni tèmi. Èmi ò dá sí ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti Bàbá, àti... ” Ó bá ń họ etí.

“Àti ta ni?”

“Àti Bàbá náà ni.”

Oṣù àwọn òkú wọlé lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó fẹ́ fa ọ̀rọ̀ nínú oṣù yẹn, mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí à ń jẹun alẹ́, Li-hua tẹ̀ wá láago, ó ń bi bàbá rẹ̀ bóyá fíìmù yẹn dùn. Bàbá Li-hua dáhùn pé ó dùn, pé obìnrin onídà yẹn mọ̀ ọ́n jà gan-an, pàápàá bó ṣe jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Mo dá ṣíbí dúró. Ọlọ́wọ́ òsì kẹ̀? Èmi ti rí àwòrán obìnrin yẹn lára pátákó ìpolówó, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di idà mú. Mo bi A-bok, ó ní ọ̀tún ni. Kò sì sí ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ti lè di òsì bí kò ṣe ẹ̀yìn aṣọ funfun.

Ẹni tó ní òun ń lọ sílé lọ sùn kò sùn. Ẹ̀yìn aṣọ ló jókòó sí tó ń wo fíìmù. Ta ló sì máa ń wà lẹ́yìn aṣọ? Opó tó ń yan sọ́séèjì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo wọ bàtà mi, mo lọ ra sọ́séèjì tí n kò fẹ́ jẹ. Mo ní mo gbọ́ pé ọkọ mi ti di oníbàárà rẹ̀.

“Oníbàárà bàwo? Orí kéréètì ọtí níbẹ̀ yẹn ló jókòó sí, ó ń sunkún. Mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbà. Ẹ̀yin, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é?”

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá ká ní ó ní ó ń bá òun tage ni, ìbá yé mi ju èyí lọ. Mo délé, mo gbé àga síwájú ọkọ mi, mo ní, “Bàbá Li-hua, ẹ jókòó. Ẹ sọ ọ́ báyìí, kí n má baà pa á mọ́ra di àìsàn.”

Ó kọ́kọ́ ń yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́. Kò dárúkọ fíìmù mìíràn fún Bàbá rárá. Onídà ló dárúkọ, Bàbá kọ̀. Ó tún dárúkọ Onídà, Bàbá kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí tí Bàbá fi gbà. A-bok dúró tì í, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọkọ mi sì bẹ̀ ẹ́ kó panu mọ́.

“Ẹ̀ẹ̀melòó ni Bàbá kọ̀?”

“Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lákọ̀ọ́kọ́.”

“Lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹjọ.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹjọ! Ẹ̀ ń da òrìṣà láàmú bí ọmọ tó ń tọrọ súìtì, lórí ẹ̀mí ara yín! Kí ló wà nínú fíìmù yẹn?”

Ó ní ìyá òun ni. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ fi oògùn kun òun lóorun kí wọ́n tó la òun láyà, òun di ojú, òun ń wá ojú ìyá òun, òun kò rí i. Òun ti gbàgbé ojú náà. O rántí pé ìjì ọdún tí òkun wọlé gbé àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Ó ní inú fíìmù yẹn nìkan ni ojú náà kù sí.

Mo ní, “Wọ́n ti gé apá tiwa.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

“Ìyá A-bin ni.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Wọn ò gé e. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Lọ wò ó fúnra ẹ. Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹ, o máa ní irọ́ ni mò ń pa.”

Inú bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀jẹ́ mi ni, orí ìkúnlẹ̀ mi ló ti jáde, òun wá fi ń wo obìnrin tó lò mí bí ẹran ẹrù. Ìwọ mọ̀. Ìwọ lo rí mi lóko iyọ̀ nígbà tí oyún Li-hua pé oṣù mẹ́jọ. Ìwọ lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bímọ, tí ìyá ọkọ mi yọjú, tó ní, “Obìnrin ni?”, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti kú, mò ń sun tùràrí fún un lójoojúmọ́ nítorí pé ó tọ́ ni, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́.

Ọjọ́ ọdún òṣùpá ni ẹ̀jẹ́ kẹta bọ́ sí. Mo gba igi pue lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo ní èmi ni mo jẹ́ ẹ̀jẹ́, èmi ni màá dà á, ẹnu mi ò sì ní wúyẹ́wúyẹ́. Mo sọ ọ́ sókè kí A-bok náà gbọ́: “Bàbá, wọ́n ti da yín láàmú tó. Aláìsàn ni, ẹ má gbà á padà nítorí ìyẹn. Onídà lèmi náà ń béèrè, ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí, ẹ ó wo èyí tó bá wù yín.” Mo jù ú. Bàbá rẹ́rìn-ín. Mo tún jù ú, ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbà.

Mo gbé àga mi síwájú, mo kọjú sí aṣọ funfun. Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, Onídà wọ abúlé wá mu omi. Kànga wa nìyẹn, kí wọ́n tó dí i. Ìwọ lo kọ́kọ́ yọ, Ìyá A-bin, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, ò ń wo ojú ẹ̀rọ gan-an, ìwọ tí o kìlọ̀ fún gbogbo wa pé olùdarí ní ká má wò ó! Lẹ́yìn náà ni mo rí ọmọdébìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, tó fi ọ̀pá gbé garawa omi méjì léjìká. N kò dá a mọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́. Ìyá ọkọ mi jáde láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba ọ̀pá náà léjìká mi, ó gbé e sí tirẹ̀. Ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú mi láti òkè délẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò sí nínú fíìmù. Onídà kọjá níwájú wa, ó parí. Kò ju kí èèyàn ka ení dé ẹ̀jọ lọ.

Mo ní kí A-bok dá a padà. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó pariwo pé, “Àǹtí, ẹ ṣàánú, Bàbá fẹ́ mọ ibi tí ìjà já sí!” Bàbá Li-hua jáde láti ẹ̀yìn aṣọ, ó wá dúró tì mí. Mo sunkún, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, mo sì ń wo ẹnu obìnrin yẹn.

N kò rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni mo rántí, àti èjìká mi, àti olùdarí tó ń fi fèrè ńlá pariwo. Nígbà tá a délé, ohun tó sọ fún mi ni pé mo dójú ti òun lójú àwọn ará Taipei, bíi pé òun kì í fún mi lóúnjẹ. Nítorí náà, mò ń fura. Bóyá ojú àwọn àlejò ló ń tì í. Bóyá olùdarí ló ní kó ṣe é.

Ìbéèrè mi dé wàyí. Èdè Mandarin ni olùdarí ń sọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú wa bí kò ṣe ìwọ tí o lọ sílé ìwé. Ìwọ lò ń túmọ̀ fún wa. Ìwọ lo dúró ti kànga, apá rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wá. Ṣé olùdarí ló ní kó gba omi yẹn lọ́wọ́ mi? Kí ló ń sọ nígbà tó gbé ọwọ́ lé ikùn mi? Èkejì sì nìyí: nígbà tí fíìmù náà dé ilé sinimá Yanshui, inú oṣù ọlọ́mọ tuntun ni mo wà, n kò lè fẹsẹ̀ kan ìta. Ìwọ àti òun lẹ jọ lọ wò ó. Ẹ dé, o wọlé wá bá mi, o ní wọ́n ti gé apá tiwa. Òun dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé abọ́ adìyẹ tí a fi òróró sésámì sè fún mi dání, kò sọ nǹkan kan. Ta ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?

Má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú o. Bó bá jẹ́ olùdarí ló ní kó ṣe é, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń bá a gbé bó ṣe rí, n kò ní kú. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ olùdarí, kọ ìyẹn náà, kí o kọ ọ́ kíákíá.

Bá mi kí Bàbá A-bin, kó máa fi omi gbígbóná tọ́jú orúnkún. Kí A-bin àti ìyàwó rẹ̀, kí o sì fi ẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu fún mi. Bàbá Li-hua ń kí ọ, ojú ń tì í láti kí ọ púpọ̀. A-bok ń kí ọ, ó ní o kì bá tí wo ojú ẹ̀rọ.

Lánàá, mo se ẹja alátalẹ̀ bí ìyá ọkọ mi ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo gbé e síwájú pátákó orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì gbígbóná. Kì í ṣe ọjọ́ ọdún, kì í ṣe ọjọ́ ikú rẹ̀. Má rò pé mo ti dárí jì í. Mo kàn ní kó máa jẹun, kí àwa méjèèjì jọ máa retí lẹ́tà rẹ.

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ onífura,

Guat-kiau
(Ìyá Li-hua)